The Tuskegee Airmen: mo tún fíìmù yìí wò, pẹ̀lú ọmọ mi

Ọdún 1995 ni HBO, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, gbé e jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ wò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti àkọ́bí mi jọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfi bíi pé n kò wò ó rí.

Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ogun ní Tuskegee, ní Alabama, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Laurence Fishburne ló ṣe Hannibal Lee, ọmọ Iowa. Inú rélùwéè ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kí wọ́n dìde kúrò níbi tí wọ́n jókòó sí, kí àwọn òǹdè ogun Jámánì lè ríbi jókòó. Ọmọ mi kọjú sí mi, ó ní, "Dádì, ṣebí àwọn ará Jámánì yìí ni wọ́n ń lọ bá jà?" Mo ní àwọn náà ni.

Ibì kan wà tí mo ní kó dá padà ká tún un wò. Lee àti Walter Peoples, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, balẹ̀ sójú títì, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, òyìnbó ń ṣọ́ wọn. Àwọn méjèèjì jáde nínú bàálù. Ẹ wo ojú àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn dáadáa. Omi lé ròrò sójú mi.

Peoples yìí ti mọ bàálù wà kó tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́, ó wọ bàálù kan lọ, kò sì padà wá láàyè. Ikú yẹn dùn mí ju gbogbo ikú ojú ogun tó tẹ̀ lé e lọ.

Andre Braugher ṣe Benjamin O. Davis, ẹni gidi, tó wà lára àwọn 5 tó kọ́kọ́ yege ní Tuskegee nínú oṣù kẹta 1942. Àwọn 13 ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.

Ogun inú òfuurufú kò dùn tó ti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n sáré kọjá níbẹ̀. Fíìmù náà tún ní ọ̀tá ò já ọ̀kankan lulẹ̀ nínú àwọn bàálù ajubọ́ǹbù tí àwọn ọmọ Tuskegee sìn láti dáàbò bò. Ìwádìí ti fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ju ogún lọ tí wọ́n já. Èyí ò bu iyì wọn kù lójú mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún méjìlá lè wò ó. Tó bá kan ti Peoples, ẹ jókòó tì í.