Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta The Hobbit ti 1937

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa ìwé àlọ́ àtijọ́ jọ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dáwọ́ owó dúró ná. Ọkùnrin kan ń káàkiri orí Facebook àti WhatsApp, ó ní òun ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Hobbit, ìwé àlọ́ tí Tolkien kọ fún ọmọdé, pẹ̀lú bébà ìbòrí tí wọ́n fi wé e gan-an. Ó ti gba £600 àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi kan tí a jọ ń ra ìwé, kí ìyẹn tó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó.” Mo wò ó. Irọ́ ni, láti òkè délẹ̀.

Orí bébà ìbòrí yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ̀dà 1,500 péré ni Allen & Unwin kọ́kọ́ tẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1937, ó sì tán kí ọdún náà tó parí. Ọmọdé ló kà á, ọmọdé kì í sì í tọ́jú bébà, nítorí náà èyí tí ìbòrí rẹ̀ ṣì wà ló ń pa owó ńlá. Ayédèrú bébà kan ṣoṣo sì rọrùn láti ṣe ju ti odindi ìwé lọ. Kéèyàn ta àdàkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó bá ti sọ pé àdàkọ ni. Èyí ò sọ.

Oòrùn àti dírágónì orí tirẹ̀ pupa. Tolkien fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán náà, ó sì fẹ́ kí pupa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀wé ní owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù, wọ́n yọ ọ́. Àwọ̀ ewé, búlúù àti dúdú ló wà lára ti 1937. Nígbà tí àbúrò mi bi í, ó ní pupa yẹn ló jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n. Ẹ gbọ́ ẹnu!

Ló bá fi fọ́tò bébà mìíràn ránṣẹ́, èyí tí kò ní pupa. Ní etí ẹ̀yìn tó ká wọnú, wọ́n ṣi orúkọ Dodgson, ìyẹn Lewis Carroll tó kọ Alice’s Adventures in Wonderland, kọ sí “Dodgeson” ní 1937, wọ́n sì fi bírò ìgbà yẹn, gègé oníyíǹkì, fa ọwọ́ pa “e” náà rẹ́. Lórí tirẹ̀, ìlà gègé àti lẹ́tà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jọ dúdú bákan náà, wọ́n jọ ń dán bákan náà. Ẹ̀rọ ló da gbogbo rẹ̀ kọ.

Nínú ìwé ńkọ́? Ó fi àwòrán aláwọ̀ mèremère hàn wá. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ò ní aláwọ̀ kankan, dúdú àti funfun ni. Ìtẹ̀jáde kejì, tí òun náà jẹ́ ti 1937, àti ti Amẹ́ríkà ní 1938 ló ní in. Ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ìtẹ̀jáde kejì ni, àtàǹpàkò rẹ̀ ló sì fi bo ibẹ̀ nínú fọ́tò.

Kì í gba káàdì. Ó ní kí ẹ san án lórí PayPal bí owó ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, èyí tí kò ní ààbò kankan, tàbí sínú àkáǹtì tí kò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ẹ pè wọ́n lónìí: láti 7 oṣù kẹwàá 2024, òfin ní kí báńkì dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà, títí dé £85,000, bó bá lọ sí àkáǹtì abẹ́lé. Àbúrò mi ti pe tirẹ̀.

Ó ti yí orúkọ padà báyìí o. Alice ti 1865 ló tún ń polówó, èyí tí wọ́n kó padà nítorí pé Tenniel, tó ya àwòrán inú rẹ̀, ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe jáde, tí èyí tó kù láyé ò tó ọgbọ̀n. £900 ló ń pè é.