Sítúdíò tó gé orí gèlè màmá wa

"Háà!" ni gbogbo ilé ké nígbà tí a já bébà tí wọ́n fi wé férémù náà. Gèlè aṣọ òkè tí wọ́n fara balẹ̀ wé fún màmá wa nítorí ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Férémù ti gé e. Ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà dára o, ara màmá ò sì di funfun báláú bíi ti àwọn sítúdíò kan. Ṣùgbọ́n gèlè ò lórí.

Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí káńtà ní ẹ̀rọ ló gé e, kì í ṣe àwọn. Ẹ wò ó: àwòrán inú kámẹ́rà wọn, ìwọ̀n 2 sí 3 ni. Tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ ínǹṣì 16, òòró rẹ̀ á jẹ́ 24. Férémù 16 sí 20 la sanwó rẹ̀, ó wà lára rìsíìtì. Ínǹṣì 4 gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ dandan. Ẹni tó ya fọ́tò mọ èyí, síbẹ̀ ó jẹ́ kí gèlè kan òkè àwòrán gbọ̀ngbọ̀n. Ó tún gé màmá níbi ọrùn ọwọ́, bí ẹni tí kò lọ́wọ́. Wọn kì í gé èèyàn ní oríkèé. Àárín apá tàbí àárín itan ni wọ́n ń gbà á.

Ọ̀gá wọn, bàbá àgbàlagbà kan, ló tún un yà. "Ẹ má bínú, màmá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n wò yín ná." Ó wò wọ́n títí kó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Lẹ́ńsì 35mm, èyí tó ń kó ibi fífẹ̀ wọ àwòrán, ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi sún mọ́ wọn jù, tí imú fi wú. Bàbá yìí fi lẹ́ńsì 85mm, tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, sí i, ó sún sẹ́yìn tó mítà 3, ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀ kó bá ojú màmá dọ́gba. Ó ní kí wọ́n jókòó sí iwájú àga kí ẹ̀yìn lè nà, kí èjìká kan ṣíwájú díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan lé èkejì lórí itan wọn, ó yí i kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kọjú sí wa, ó sì tẹ́ ìpèlé tó ká.

Lẹ́yìn náà ló gé téèpù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó lẹ ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí férémù máa dé. Àárín téèpù méjèèjì ló ti to gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé kí ojú bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́ta láti òkè. Tí gèlè bá ga, ẹ gbàgbé ìyẹn! Orí gèlè ni ká kọ́kọ́ wá àyè fún, kí ojú wá bọ́ síbi tó bá bọ́ sí.

Fọ́tò kejì yìí, ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa á dúró wò ó. Àmọ́ wọ́n dá wa dúró wákàtí méjì kí bàbá tó dé, owó ẹni tó tún gèlè wé sì jáde lápò wa. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà.

Máàkì: 4 nínú 5. Tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè bàbá náà fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìwọ̀n férémù kó tó gbé kámẹ́rà.