The Broad ní Los Angeles: mo lọ wo Basquiat, ọ̀fẹ́ sì ni

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni. The Broad, mùsíọ́mù tó wà ní Grand Avenue, downtown Los Angeles, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 2015, àfi tí ìpàtẹ àkànṣe kan bá wà tí wọ́n ń gbowó fún. Ẹ kàn máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ búùkù ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ fẹ́, ó parí. Páákì ló máa jẹ yín lówó, torí náà tẹ́ ẹ bá lè fi mọ́tò sílé ẹ fi sílé, ẹ wọ tírénì, A Line tàbí E Line, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Grand Av Arts/Bunker Hill, ẹ̀yìn mùsíọ́mù yẹn gan-an ni stéṣàn wà. Ọjọ́ Monday wọn kì í ṣí o, ẹ má lọ fẹsẹ̀ rìn lásán.

Yàrá dígí tí Yayoi Kusama, oníṣẹ́ ọnà ará Japan, ṣe ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ síbẹ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á ya sẹ́lífì, wọ́n á jáde, kò burú, kálukú pẹ̀lú ohun tó wù ú. Èmi, torí Jean-Michel Basquiat, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ni mo ṣe lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ 13 ló wà lọ́wọ́ wọn, àwọn mùsíọ́mù tó ní tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí ò pọ̀ rárá. Wọn kì í gbé gbogbo ẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ṣá, ẹ yẹ sáìtì wọn wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ara T-shirt nìkan lẹ ti mọ adé oníṣóńṣó mẹ́ta ẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀. Brooklyn ni wọ́n bí i sí, December 1960, bàbá ẹ̀ ará Haiti, ìyá ẹ̀ ìran Puerto Rico. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mọ́tò gbá a lójú títì, wọ́n gbé e dé ọsibítù wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tí ìyá ẹ̀ fi gbé ìwé àwọn dókítà wá fún un, èyí tó kún fún àwòrán ẹ̀yà ara èèyàn, kó lè rí nǹkan máa wò. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú àwòrán ẹ̀, ehín ni, egungun ni, ọ̀nà ọ̀fun ni, gbogbo ẹ̀ ló kó síbẹ̀, á tún wá kọ orúkọ wọn sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tó di ọ̀dọ́langba, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Al Diaz bẹ̀rẹ̀ sí í fi spray kọ SAMO, ìkékúrú "same old shit", káàkiri ògiri Manhattan. Kì í ṣe lẹ́tà ràgàjì aláwọ̀ mèremère táwọn ọmọ ìgbà yẹn ń kùn sára tírénì o. Ọ̀rọ̀ ni tiwọn. Gbólóhùn kúkúrú, lẹ́tà lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, wọ́n fi ń ta àwọn olówó lábùkù, wọ́n fi ń ta àwọn tó ń ṣe bíi pé àwọn nìkan ló mọ iṣẹ́ ọnà. SoHo tó kún fún gáláárì sì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí jù, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò pé ọmọ yẹn mọ ibi tó ń lọ látilẹ̀ wá. Ìwé ìròyìn Village Voice sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fáyé gbọ́ ní December 1978, nígbà tó yá àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pínyà, ló bá di pé SAMO IS DEAD là ń rí lára ògiri.

Ó ń sùn kiri ilé ọ̀rẹ́, ó ń ta pósítíkáàdì àti T-shirt tó fọwọ́ ara ẹ̀ kùn lójú títì. June 1980 iṣẹ́ ẹ̀ wà nínú ìpàtẹ Times Square Show, February 1981 ó wà nínú ìpàtẹ kan ní P.S.1, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Queens, kò pẹ́ sígbà yẹn tí Annina Nosei, obìnrin kan tó ní gáláárì ní SoHo, fi ní kó máa lo yàrá abẹ́ ilẹ̀ gáláárì òun kó máa kùn níbẹ̀. Ní 1982 ó ti dé documenta, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ní Kassel, Jámánì, ọmọ ọdún 21. Àwọn kan á ní oríire ni. Mi ò bá wọn jiyàn pé orí ò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti ń kọ nǹkan sára ògiri níbi tí ọlọ́pàá lè yọ sí i nígbàkigbà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè ṣe é kọ́wọ́ má wárìrì, ohun tẹ́ ẹ máa rí lórí kánfáàsì náà nìyẹn, ọwọ́ tó yá, tó sì dájú.

Tó bá jẹ́ àwòrán kan péré lẹ ráyè wò, ẹ wo orí ńlá tó kùn ní 1981, kò fún un lórúkọ, Untitled ni wọ́n kàn ń pè é. Ó lé ní mítà méjì lóròó. Látòkèèrè ẹ máa rò pé agbárí òkú ni. Ẹ sún mọ́ ọn. Ojú ṣì wà nínú ihò ẹ̀, irun ta gbọ̀ngbọ̀n lórí, ehín tò síta, àwọn ìlà kéékèèké kan wà káàkiri bí ojú ibi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Búlúù gbà á lẹ́yìn, pupa àti yẹ́lò ń yọjú láàárín. Ó rán mi létí ògiri Òṣòdì lẹ́yìn ìdìbò, tí wọ́n ti lẹ pósítà lórí pósítà, tí wọ́n ya tòkè, tí ti ìsàlẹ̀ wá ń wò yín. Mo dúró síwájú ẹ̀ títí tí obìnrin kan fi ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún díẹ̀ kóun lè ya fọ́tò ọmọ òun. Mo sún.

Horn Players náà dáa, ti 1983, pátákó mẹ́ta tí wọ́n tò pọ̀, Charlie Parker àti Dizzy Gillespie, àwọn olórin jazz, ló yà síbẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò wọn, ó sì kọ orúkọ Pree síbẹ̀, ọmọ Parker tó kú ní kékeré. Ó fa ìlà gba orí àwọn ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe pé ó ṣì wọ́n kọ o, ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé torí kójú yín lè lọ síbẹ̀ gan-an lòun ṣe ń fa ìlà gba orí wọn. Ẹ dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni Obnoxious Liberals, 1982. Ó kọ NOT FOR SALE gàdàgbà sínú àwòrán, Eli Broad, olówó bílíọ̀nù tó dá mùsíọ́mù yìí sílẹ̀, sì rà á, ó kọ́ ilé fún un.

Ṣẹ́ ẹ rí Gold Griot, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n rí ní Los Angeles ju ibòmíì lọ. 1984 ló ṣe é, nígbà tó ń gbé ní Venice, létí òkun ìlú yìí kan náà. Orí igi pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló kùn ún sí, igi yẹn, ọgbà ẹ̀yìn ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ní kí wọ́n tú, ó wá ní kí wọ́n kàn án pọ̀. Ọmọ tó kúrò nídìí ògiri, gáláárì ti ń bẹ̀ ẹ́, ó lówó kánfáàsì tó bá wù ú, ọgbà ló tún lọ tú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ó fi títì sílẹ̀.

Òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní oníṣẹ́ graffiti, mo sì gbọ́ ọ yé. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀, wọn ò pè wọ́n lórúkọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ yẹn ń pààyàn nígbà yẹn. Ní 1983 àwọn ọlọ́pàá mú Michael Stewart, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, ní stéṣàn abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ní ó ń kọ nǹkan sára ògiri, ọwọ́ wọn ló ti dákú, ó sì kú lọ́sibítù. Basquiat ya ọ̀rọ̀ náà sára ògiri inú ilé iṣẹ́ Keith Haring, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tóun náà jẹ́ ayàwòrán, Haring wá gé ibẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi férémù sí i. Ìyẹn ò sí ní The Broad, àmọ́ wọ́n ní iṣẹ́ Haring náà, tẹ́ ẹ bá bá a lórí ògiri ẹ má sáré kọjá.

Ó kù sí i fún àwa ọmọ Yorùbá. Basquiat máa ń ka iṣẹ́ Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n Yale tó lo ayé ẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà wa àti ti àwọn ọmọ wa tó wà ní Brazil àti Cuba. Ní 1988, ọdún tó kú, ó ya Exu, bí àwọn ará Brazil ṣe ń kọ Èṣù, ó fi ojú yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn náà ò sí ní The Broad, ọwọ́ aládàáni ló wà. Ó wù mí kí wọ́n yá a wá lọ́jọ́ kan.

August 1988 ló kú, oògùn olóró, ọmọ ọdún 27. Ní 1981 Debbie Harry olórin ra àwòrán kan lọ́wọ́ ẹ̀ ní $200. Ní 2017 wọ́n ta òmíì ní Sotheby's, ilé tí wọ́n ti ń ta nǹkan ní gbàǹjo, ní $110.5 mílíọ̀nù. Owó yẹn ń bí mi nínú, ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dúró láàárín àwòrán, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wọn ni láti dáhùn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹsikalátọ̀ ló máa gbé yín gòkè, àmọ́ àtẹ̀gùn ni kẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, fèrèsé kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ń kó àwòrán tí wọn ò tíì gbé kọ́ pa mọ́ sí. Ẹ má ra T-shirt adé Basquiat lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ̀ ọ́ tí adé náà fi bó.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ráyè, MOCA, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà míì, wà ní òdìkejì títì, ọ̀fẹ́ lòun náà láti 2020, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ jẹun ní Grand Central Market, ẹsẹ̀ ló máa gbé yín débẹ̀.