Ìkìlọ̀: ẹ má ra ọkọ̀ akẹ́rù onídísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti mú gbóná dè yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọkọ̀ akẹ́rù alòkù tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ ṣọ́ra fún olùtà tó ti ṣíná ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ti sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ẹ máa dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti ń dún lọ́wọ́, tàbí kó wà ní pípa ṣùgbọ́n kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Á ní òun kàn mú un gbóná kí ẹ má baà dúró pẹ́ ni. Ẹ má kà á sí oore rárá. Àìsàn tó ń jẹ owó jù lára ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ìgbà tó bá tutù ló máa ń fara hàn. Bó bá ti gbóná tán, ó lè fi àìsàn náà pa mọ́ fún yín títí ẹ ó fi sanwó.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti pẹtiróòlù. Pístínì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nǹkan bí ìlọ́po 14 sí 23, títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná kọjá 500°C, tí dísẹ́ẹ̀lì tí nọ́sù bá tú sí i á gbiná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin ẹ́ńjìnnì bá tutù, irin náà á ti fa ooru yẹn mu kó tó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni glow plug ti wúlò: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tí orí rẹ̀ máa ń pọ́n dòò, 800°C lọ sókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí glow plug 4 ti kú nínú 8 fi lè ṣíná wẹ́rẹ́ níwájú yín. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé ooru kan náà máa ń bo compression (agbára tí pístínì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) tó ti lọ sílẹ̀ mọ́lẹ̀. Glow plug ṣeé pààrọ̀. Bó bá jẹ́ pé ríìnì pístínì ló ti jẹ, ẹ́ńjìnnì lẹ ó tú palẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà láti alẹ́. Bí ẹ bá dé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páìpù omi tó lọ sí ojú rédíétọ̀, ìbòrí orí ẹ́ńjìnnì, àti ibi tí èéfín ti ń jáde lára rẹ̀. Bó ṣe tutù gbọ́dọ̀ bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ dọ́gba. Àwọn ọkọ̀ kan ní ohun tí wọ́n ń fi iná mànàmáná mú ẹ́ńjìnnì gbóná, tó ní wáyà tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá wáyà náà wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá bá ooru níbẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má gbà pé kí ẹ dúró fún wákàtí kan, irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ń di ooru mú fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ó wá tutù lóòótọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọọ̀dù á tàn, kí ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí sítátà yí. Iná kékeré tó dà bí wáyà tó lọ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ tàn. Lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 kó tó kú. Lára tuntun, 2 sí 5. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé iná yẹn kì í ṣe glow plug gan-an. Lára ọkọ̀ púpọ̀, aago tirẹ̀ ọ̀tọ̀, ti relay (ohun tó ń gbé iná bátìrì fún àwọn plug, tó sì ń já a) ọ̀tọ̀. Iná lè kú kí relay ṣì máa gbé iná fún àwọn plug fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ́ńjìnnì má baà rú èéfín kó sì gbọ̀n. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kàá" kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, àti òmíràn nígbà tí relay bá já. Bí dáṣíbọọ̀dù bá ní abẹ́rẹ́ tó ń wọn bátìrì, ẹ kojú mọ́ ọn: á wálẹ̀ ní kété tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, á sì fò sókè padà nígbà tí relay bá já. Bí iná bá tàn tí abẹ́rẹ́ ò mira rárá, ẹ fura pé iná ojú lásán ni wọ́n ń fi hàn yín, kò sí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ plug kankan.

Ẹ wá jẹ́ kó yí. Ẹ́ńjìnnì tó pé á gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ á jáde, á sì lọ. Bó bá yí títí, tó rú èéfín funfun tó ń ta ojú tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì tútù, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni tó ń tiro, tó wá rọlẹ̀ tí kò gbọ̀n mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kan tàbí méjì ni kò gbaná. Glow plug lẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá gbóná tán tí èéfín funfun ò sì lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti glow plug: compression, nọ́sù, tàbí omi tó ń wọ sílíńdà ni. Bí sítátà bá ń yí fàà-fàà, ẹ wọn bátìrì bó ṣe ń yí. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀ 9.6V, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ olùtà dáadáa. Bó bá fọ́n agolo ether (oògùn tó ń tètè gbiná, tí wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì ṣíná tipátipá) sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ẹ pa owó yín mọ́. Ether pẹ̀lú orí plug tó pọ́n dòò máa ń bú ṣáájú àkókò, ó sì lè fọ́ pístínì. Bọ́tìnì kan tí wọ́n fi ọwọ́ so sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: relay tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kọṣẹ́ ni, ẹni tó bá sì tẹ bọ́tìnì náà pẹ́ jù ń sun àwọn plug.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka wáyà. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6 tó ní glow plug gbọ́dọ̀ ní wáyà 6 tó de orí plug 6, àfi bó bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí wọ́n fi táàpù wé, tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kí plug ti ṣẹ́ sínú irin, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí lè sọ yín di ẹni tó máa ṣí orí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ mú mítà dání. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà kúrò lórí plug, tàbí irin pẹlẹbẹ tó so gbogbo wọn pọ̀, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀, gbogbo wọn ni mítà á kà pa pọ̀. Ẹ wọn láti orí plug sí ara ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ á fún yín ní nǹkan bí 0.5 sí 2 ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná), kí gbogbo wọn sì súnmọ́ ara wọn. Èyí tí kò fún yín ní nǹkan kan ti kú. Ẹ má ṣe fi wáyà bátìrì gbé 12V fún un ní tààrà láti dán an wò: àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún 5V tàbí 7V, wọ́n á jóná lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kóòdù àléébù P0671 dé P0678 ni ti glow plug sílíńdà 1 dé 8, P0670 sì ni ti ẹ̀rọ tó ń darí wọn. Bí ẹ kò bá rí kóòdù kankan, ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ hàn bí èyí tí kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́.

Ẹ̀tàn àwọn tó ń ta plug náà tún wà. Ayédèrú plug lè wú lórí lẹ́yìn tó bá ti gbóná díẹ̀. Bó bá ti wú, kò ní gba ihò tó wọlé jáde mọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún mẹkáníìkì tó ń ta plug fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní i: ẹ́ńjìnnì Cummins 5.9 inú ọkọ̀ Dodge Ram ń lo irin tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná lẹ́nu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kò ní glow plug kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá ti ra ọkọ̀ náà, tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ plug, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi agbára tú u nígbà tó tutù. Ẹ da epo tó ń tú ìpata sí i mọ́jú, ẹ mú ẹ́ńjìnnì gbóná, kí wọ́n sì fi súpánà tó ń wọn agbára tú u: bó bá dé 20 Nm (ìwọ̀n agbára ìyípo tí súpánà náà ń kà) fún M8, ìyẹn plug tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 8, tàbí 35 Nm fún M10, tí kò tíì mira, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún da epo sí i. Nígbà tí wọ́n bá ń dì í padà, 10 Nm tó fún M8, 12 sí 18 fún M10.