Owó ọwọ́, Ìlera Èkó tàbí HMO aládàáni: èwo ló yẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀?

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin oní-Màrúwá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ lọ́jà l'Ékòó, kò sí ọ̀gá tó ń yọ owó ìlera sọ́tọ̀ fún yín lóṣooṣù. Òfin NHIA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera) ti ọdún 2022 sì ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Èwo lẹ fẹ́ mú: kẹ́ ẹ máa fi owó ọwọ́ yín sanwó ìtọ́jú, kẹ́ ẹ wọ Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ HMO, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ta ètò adójútòfò ìlera?

Owó

Owó ọwọ́ máa ń dà bíi pé òun ló dín jù, àfìgbà tí àìsàn ńlá bá dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tò sẹ́yìn ìyá kan ní kántà ilé ìwòsàn. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó ka owó ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò tó dẹpọ́síìtì tí wọ́n ní kó san. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òfin ìlera ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, àmọ́ òfin yẹn kò pa bílì rẹ́.

Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san lọ́dún. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18, ń san 40,000. Owó náà ti lé sí i, ẹ béèrè iye tó jẹ́ báyìí. Lọ́dọ̀ HMO, bówó bá ṣe tó ni ètò ṣe ń tó. Àwọn kan lára wọn ń gbà á lóṣooṣù, ìyẹn sì dára fún ẹni tówó ń wọlé fún díẹ̀díẹ̀.

Ilé ìwòsàn

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Nínú Ìlera Èkó, ilé ìwòsàn kan lẹ máa yàn, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ, àwọn ni yóò kọ̀wé gbé yín lọ sí èyí tó tóbi. Ètò HMO tó nípọn máa ń ní ilé ìwòsàn káàkiri ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń lọ rajà ní Kánò tàbí Ọ̀nìtshà yóò mọ ìwúlò rẹ̀.

Ẹ má gbára lé orúkọ tí wọ́n tò sínú ìwé. Ẹ lọ bá akọ̀wé káàdì nílé ìwòsàn tó wà ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ ṣì ń gba káàdì yìí?" Ẹ tún béèrè bí kóòdù ṣe ń tètè dé sí lóru, torí ìtọ́jú tó bá kọjá èyí tó wọ́pọ̀ nílò kóòdù ìyọ̀ǹda látọ̀dọ̀ àwọn tó ni ètò. Aago mẹ́wàá alẹ́ la gbé ọmọ mi obìnrin dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí kóòdù fi dé, mo ti fi owó àjọ ra omi tí wọ́n fà sí i lára. Láti ọjọ́ náà, mo ní káàdì, mo sì tún ń tọ́jú owó díẹ̀ pa mọ́.

Oyún àti àìsàn tó ti wà lára

Ọ̀pọ̀ HMO kì í san owó ìbímọ àfi tí oṣù mélòó kan bá ti kọjá lẹ́yìn tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ti lóyún, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó gba déètì tí ìtọ́jú rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.

Témi bá ni, ìdílé ọlọ́mọ tówó rẹ̀ kò pọ̀, kó kọ́kọ́ wọ Ìlera Èkó. Ẹni tó ń rìnrìn àjò tówó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ HMO. Ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá, kó béèrè BHCPF, owó tí ìjọba fi ń ṣètò ìtọ́jú fún aláìní, ní ibùdó ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ní àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ tiwọn tó ń jẹ́ OYSHIA, àwọn ará Ògùn ní OGSHIA.