Wọ́n tọ́jú màmá mi dáadáa ní Tánkẹ́, Ìlọrin

Tiransifọ́mà bú gbàù lẹ́yìn ilé wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Màmá mi, ẹni ọdún 68, di àyà mú: "Àyà mi já, kò tíì padà o!" Ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí la sáré gbé wọn lọ.

Ohun tó wú mi lórí ni pé kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rù lásán ni. Kí n tó sanwó káàdì, wọ́n ti lẹ okùn ECG, ẹ̀rọ tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, mọ́ wọn láyà, wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé: ìpayà òjijì máa ń tú èròjà ara tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá á ga. Fún àwọn kan, pàápàá àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, agbára iṣan ọkàn lè dín kù fúngbà díẹ̀. Àwọn dókítà Jàpáànì ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1990, wọ́n pè é ní takotsubo. Ó jọ ìkọlù ọkàn gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ti màmá kò dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì dá wọn dúró di àárọ̀. Àga tí mo sùn lé le jù, kí wọ́n tún un ṣe.

Lọ́jọ́rú a padà lọ. ECG kejì dára.