Ìràwọ̀ mẹ́ta fún àtẹ ìdílé àwọn duke Brittany: wọn ò ka ìyá kún

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ra àtẹ yìí, ara ògiri pálọ̀ mi ní Manchester ló sì wà láti ìgbà náà. Mo ti wò ó lówùúrọ̀, mo ti wò ó lálẹ́, mo ti bá a jà. Bébà gígùn kan ni, ó fi díẹ̀ lé ní mítà méjì, wọ́n tẹ ìran àwọn duke Brittany, ìyẹn àwọn olóyè tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Brittany ní ìwọ̀ oòrùn Faransé nígbà náà, sí i láti 1213 títí dé 1532. £34 ni mo rà á, owó ìfiránṣẹ́ lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó máa dùn-ún wò lára ògiri lẹ ń wá, ẹ rà á, ẹ ò ní kábàámọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó mú kí àwọn èèyàn yìí máa pa ara wọn fún ọdún mẹ́tàlélógún gbáko, ẹ ra bírò pupa mọ́ ọn.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ Brittany. Ìlú Nantes ni mo lọ lọ́dún tó kọjá, mo lọ wo ibi ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n ṣe sí etí odò Loire. Ọkọ̀ òkun tó ti Nantes gbéra ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrú tí àwọn Faransé kó, Ouidah sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń rà wọ́n. Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, òjò dé, mo sá wọ ààfin àwọn duke tí kò jìnnà síbẹ̀. Ibi tí mo bá ti yíjú sí ni mo ń rí orúkọ obìnrin kan, Anne. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó gorí oyè bàbá rẹ̀ ní 1488, ó sì fẹ́ ọba Faransé méjì tẹ̀ léra. Mo ní dandan ni kí n mọ irú ilé tí ẹni yìí ti jáde.

Nípa bí ọjà ṣe dé: inú páìpù páálí ni wọ́n rọ ọ́ sí, ẹnì kan sì ti jókòó lé páìpù náà lójú ọ̀nà, ó jọ bẹ́ẹ̀. Àtẹ náà tẹ̀ láàárín, ó ya ní etí kan. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láìjanpata, wọn ò sì ní kí n dá ti àkọ́kọ́ padà. Mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní méjì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni àmì oyè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn duke ló ní apata tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ti Pierre Mauclerc tó wà lókè pátápátá rí bí ojú pátákó dráàfù, wúrà àti búlúù, pẹ̀lú igun kékeré funfun kan tí wọ́n fi àmì dúdú tọ́ sí. Funfun yẹn dúró fún awọ ermine, ẹranko kékeré kan tó máa ń funfun nígbà òtútù, àyàfi ṣónṣó ìrù rẹ̀ tó máa ń dúdú. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé e wá sílẹ̀: pátákó dráàfù, pátákó dráàfù, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ John Kẹta. Ní 1316 ló da wúrà àti búlúù nù, ó fi ermine nìkan sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, àtẹ náà funfun báláú. Ermine yìí náà ló wà ní igun àsíá Brittany títí di òní. Ẹni tó ya èyí mọ iṣẹ́. Ó tún ya bíríkì tíńtín kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ John Kejì, tí ògiri wó lù ní Lyon ní 1305 níbi tó ti ń tẹ̀ lé Póòpù Clement Karùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé. Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ibi tí ìràwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ọ̀dọ̀ Arthur Kejì, ẹni tó jẹ oyè láti 1305 sí 1312.

Ilà kan ṣoṣo ni wọ́n fà láti abẹ́ Arthur, wọ́n sì so gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀ kọ́ ọ: John Kẹta, Guy, Peter, àti John mìíràn tí wọ́n ń pè ní John ti Montfort. Wọ́n to wọ́n bí ẹ̀wà inú pódi kan. Èmi náà ò rí nǹkan kan tó burú nínú rẹ̀. Ìyá mi ló rí i.

Orí fóònù la wà ní ọjọ́ Àìkú kan, à ń wo ojú ara wa. Wọ́n rí ògiri lẹ́yìn mi.

"Àkànní, kí ni gbogbo okùn tó wà lára ògiri rẹ yẹn?"

Mo ní, "Ìran àwọn olóyè òyìnbó kan ni, mà." Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé John Kẹta, ẹ̀gbọ́n àgbà nínú àwọn ọmọ Arthur, jẹ oyè fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta níkọ̀ọ̀kan, kò bímọ tó lè jogún, ó kú ní 1341. Àbúrò tó tẹ̀ lé e ti kú ṣáájú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Àbúrò kan ṣì wà láyé. Ọmọ olóògbé àbúrò ní òun ló kàn, àbúrò tó wà láyé náà ní òun ló kàn.

Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. "Èyí tó wà láyé yẹn, ṣé ìyá kan náà ló bí òun àti ẹni tó kú?"

Mo yíjú sí àtẹ. Mi ò rí i kà. Mo dìde, mo lọ mú awò ojú mi wá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó rí i lábẹ́ orúkọ Arthur, ní lẹ́tà tó rí bí èèrà: Marie ti Limoges, àti Yolande ti Dreux.

"Rárá, mà. Ọbàkan ni wọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìjà wọn nìyẹn."

Tòótọ́, ìjà wọn nìyẹn. Marie ló bí John Kẹta àti Guy, ó kú ní 1291. Arthur wá fẹ́ Yolande ní 1294. Opó ni Yolande nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Alexander Kẹta, ọba Scotland, tó kú ní 1286 níbi tó ti ń gun ẹṣin lọ bá a lóru. Yolande ló bí John ti Montfort. John Kẹta kórìíra ìyàwó bàbá rẹ̀ yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ débi tó fi gbìyànjú kí ìjọ fagi lé ìgbéyàwó náà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè di ọmọ àlè. Kò bọ́ sí i. Orúkọ Montfort gan-an, ogún ìyá ni. Yolande ló ni ilẹ̀ Montfort-l'Amaury, ìtòsí Paris. Àtẹ yìí fi pupa kọ MONTFORT gàdàgbà, kò sì sọ ibi tí ó ti wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pín ogún ní ìdí igi rí yóò béèrè ìyá kó tó béèrè ohunkóhun, nítorí kò sí ẹni tó lè pín in láìmọ̀ ọ́n. Ẹni tó ya àtẹ yìí mọ ermine, kò mọ ìdí igi.

Bẹ́ẹ̀ obìnrin ló gbé oyè náà wọ ilé yìí. Alix ló ni Brittany. Nítorí pé Pierre Mauclerc fẹ́ ẹ ní 1213 ló fi di duke. Lórí àtẹ, orúkọ Pierre ga tó ìka mi, ti Alix ń bẹ lábẹ́ apata rẹ̀ bí ẹni tó wá gbá ilẹ̀.

Apá ti ogun dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Pupa ni ẹ̀ka Montfort, búlúù ni ẹ̀ka Penthièvre, ìyẹn ti Joan ọmọ Guy. Ṣùgbọ́n Charles ti Blois, ọkọ Joan, kàn ṣàdédé so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọba Faransé ni, ìyá rẹ̀ àti Philip Kẹfà jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá ti fa ilà tó-tò-tó kan síbẹ̀, gbogbo awuyewuye yẹn ni yóò hàn kedere. Ẹ wò ó: ní 1328, Philip dé orí ìtẹ́ Faransé nítorí pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ kò lè gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ Brittany, Joan tó jẹ́ obìnrin ló gbè lẹ́yìn, torí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ arábìnrin òun. Edward Kẹta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Philip du ìtẹ́ Faransé, ó ní ìyá òun ló fún òun lẹ́tọ̀ọ́; ó dé Brittany, Montfort tó ń pariwo pé obìnrin kò lè jẹ ẹ́ ló bá ṣe. Ẹnu kan náà, itọ́ méjì.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1341, wọ́n dá ẹjọ́ náà ní Conflans, wọ́n dá Charles láre. Kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti mú Montfort ní Nantes. Ìyàwó rẹ̀, Jeanne ará Flanders, ló gba ogun náà gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin kékeré lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ká a mọ́ Hennebont ní 1342, ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin jáde, ó lọ dáná sun àgọ́ àwọn tó dó ti ìlú. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Jeanne Ọlọ́wọ́-iná nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1345, ogun kò dúró. Àtẹ fún ọkọ ní apata, adé àti ilà méjì. Ohun tí wọ́n kọ fún Jeanne ni "J. de Flandre". Lẹ́tà mẹ́wàá, mo kà á. Bíríkì tó wó lu èèyàn ní Lyon rí àwòrán gbà, obìnrin tó sun odidi bùdó kò rí.

Ní Auray, ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1364, wọ́n pa Charles ti Blois. Àdéhùn Guérande tẹ̀ lé e ní 1365, àpótí tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí àtẹ ló wù mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, torí ó ṣe ṣókí: ọmọ Montfort ni yóò jẹ oyè, ọkùnrin ni yóò máa jẹ ẹ́, obìnrin kò ní kàn àfi bí ọkùnrin bá tán nínú ilé méjèèjì. Ó jọ àdéhùn ilé ọba méjì níbi tí ilé kan ti gba oyè, tí ìkejì jókòó tó ń kà á lọ́jọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà o. Àwọn kan ka Montfort bàbá sí John Kẹrin, torí náà ọmọ rẹ̀ jẹ́ Karùn-ún, ọmọ ọmọ rẹ̀ Kẹfà. Àwọn mìíràn ò ka bàbá, wọ́n ní ọmọ ni Kẹrin. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyíkéyìí, àmọ́ kí èèyàn mú ọ̀kan! Iwájú àtẹ yìí lo ti ìṣáájú, atọ́ka orúkọ tó wà lẹ́yìn lo ìkejì. Odidi alẹ́ kan ni mo fi ń wá ẹni tí àwọn Penthièvre tan lọ síbi àsè, tí wọ́n sì jí gbé ní 1420. Karùn-ún ni lẹ́yìn, Kẹfà ni níwájú, ẹnì kan náà ni.

Àṣìṣe tó burú jù wà nísàlẹ̀. Francis Kìíní, ọmọ ẹni tí wọ́n jí gbé yẹn, kú ní 1450, ọmọbìnrin méjì ló fi sílẹ̀, oyè bọ́ sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ Peter Kejì. Peter kò bímọ. Ó di ọwọ́ àbúrò bàbá wọn, Arthur Kẹta, àgbà jagunjagun, tí kò lò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Francis Kejì, ní 1458. Àtẹ fa ilà láti Arthur sí Francis bí bàbá sí ọmọ. Irọ́ ni. Richard ló bí Francis. Àbúrò Arthur ni Richard. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ilà oyè ni, kì í ṣe ilà ẹ̀jẹ̀. Kí ló dé tí ilà oyè fi jọ ilà ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ kan náà, fífẹ̀ kan náà? Wọn ò fèsì mọ́. Nígbà tí wọ́n sì ti gbé Francis gba ibẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe máa rí i pé Margaret, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin Francis Kìíní ni, ìyẹn ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Màmá mi kọ hàà nígbà tí mo sọ èyí fún wọn. Ìyàwó kejì, Margaret ti Foix, ló bí Anne.

Wọ́n ya owó wúrà kékeré kan sí ọdún 1480. Ìyẹn gba ìràwọ̀ padà díẹ̀. Ọdún yẹn ni Nicole, arọ́lé Penthièvre, ta ẹ̀tọ́ ilé wọn fún ọba Faransé Louis Kọkànlá ní 50,000 livre, owó Faransé ayé ìgbà náà. Ẹ̀tọ́ tí Charles ti Blois kú lé lórí ní Auray, bébà kan àti owó ni wọ́n fi gbà á. Ìgbà tí Francis Kejì máa kú láìní ọmọkùnrin, ọba ti ní ìwé lọ́wọ́.

Fún ìràwọ̀: mẹ́ta. Bébà àti àwọ̀ gba méjì, àpótí Guérande àti owó wúrà pín ọ̀kan.

Èyí tó tẹ̀ ni mo kọ́ sára ògiri báyìí. Mo ti fi bírò pupa yí gbogbo orúkọ ìyàwó po, mo pín ọmọ Arthur sí ìdí méjì, mo sì ya iná sí ẹ̀gbẹ́ Jeanne, iná náà jọ ewé ẹ̀fọ́, ẹ má bínú. Èyí tó dán ṣì wà nínú páìpù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Manchester bá fẹ́ ẹ, kó mú £20 wá.